Ìrànwú, Kì í Ṣe Ìrànwọ́

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya ìrànwú sọ́tọ̀ kúrò lára ìrànwọ́. Mo mọ èyí ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ ní Atlanta, torí pé èmi ni mo fi ara mi jẹ oyè atúnẹnuṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ Yorùbá pè nínú àdúrà, ojú mi ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó máa bá Ọlọ́run lọ.

Ìrànwú ni irinṣẹ́ tí àwọn ìyá àgbà fi ń ran òwú: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi amọ̀ róbótó há nídìí kó lè wúwo, kó lè máa yí. Ìrànwọ́ kò ní ọ̀pá, kò ní amọ̀. Èèyàn kì í sì í mọ bó ṣe rí àfìgbà tó bá ń wá a kiri.

Ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, obìnrin kan wá síbi ètò kan tí mo ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Norcross nítorí ọ̀rọ̀ kejì. Èmi ti múra sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lórí èkíní. Obìnrin náà ò tíì pẹ́ tó dé láti Ìbàdàn. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún, ó ń retí físà. Ó ti rí iṣẹ́ kan ní College Park, níbi tí wọ́n ti ń to ẹrù ọkọ̀ òfurufú, láti ìdájí títí di ọ̀sán, ọjọ́ Mọ́ńdè ló sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ò tíì dàgbà tó ẹni tó ń lọ sílé ìwé. Kò rí ẹni tí yóò bá a mójú tó o, bí kò bá sì rí ẹnì kan kí Mọ́ńdè tó dé, iṣẹ́ náà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò mọ ìkankan nínú èyí lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ fún yín ṣáájú kí ẹ má bàa rẹ́rìn-ín níbi tí èmi ti rẹ́rìn-ín.

Ìrànwú tí mo ní, ti ìyá ìyá mi ni, ní Ìṣẹ́yìn. Mi ò bá wọn láyé. Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á na ẹsẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n á fi ẹfun pa ìka kí okùn má bàa máa yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà, kò ran òwú rí ní tiẹ̀. Ìdí sítóòfù ló ti ń lo ìrànwú náà: bí òwú sítóòfù bá ti rì sínú ihò, ẹnu ìrànwú ló máa ń fi fà á jáde. Títí di òní, bí mo bá gbé e sún mọ́ imú, òórùn kẹrosíìnì ni mò ń gbọ́.

Nígbà tí ìyá mi kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi mú aṣọ àti góòlù. Èmi ní ìrànwú ni mo fẹ́. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ló ń ṣe mí. Mo gbé e wá sí ilé mi ní Duluth, mo ní kí wọ́n bá mi ṣe férémù onígíláàsì sí i, mo gbé e kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n. Bí àwọn òyìnbó ọ́fíìsì wa bá wá jẹun, tí wọ́n sì béèrè ohun tó jẹ́, mo máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé àmì ìjẹ́-obìnrin ni láàárín àwọn èèyàn mi. Wọ́n á mi orí. Èmi náà á mi orí. Mi ò mẹ́nu ba sítóòfù rí.

Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. À ń múra ọjọ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti máa ń ka àyọkà Bíbélì kan lọ́dọọdún nípa obìnrin rere tó ń ran òwú. Ìyá Ìjọ wa, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló ń kà á. Ọmọ wọn obìnrin, tí wọ́n bí síbí, jókòó tì wọ́n.

"Mummy, what is ìrànwú?"

"Ó dà bíi help," ni Mummy wí, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí abẹ́rẹ́. "Mummy! Kì í ṣe help o. Nǹkan tí wọ́n fi ń ran òwú ni."

"Ó yẹ kó máa help wọn náà kí wọ́n tó máa lò ó."

"Ìtàn ńlá ló wà nídìí ẹ̀, Mummy. Gbogbo ìjẹ́-obìnrin ló wà nídìí ẹ̀."

"Ó dáa, Professor." Èmi kì í ṣe professor o. Mo kàwé díẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ ni, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń pinnu ẹni tí wọ́n máa bá sanwó ilé ìwòsàn àti ẹni tí wọn ò ní bá san. "Ìwọ gan-an ni wàá wá ṣàlàyé ẹ̀ fún wa. Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ àwọn ìyá. Má jẹ́ kó gùn o, ìrẹsì á ti wà nílẹ̀."

Mo múra bí ẹni tí wọ́n pè sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Mo ra ọ̀pá òwú kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pá òwú yàtọ̀ sí ìrànwú: òun ni wọ́n máa ń wé òwú tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀ mọ́, kí ìka lè máa fà á díẹ̀díẹ̀ bí ìrànwú bá ṣe ń yí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ìyá wa máa ń di òwú mú lọ́wọ́ lásán, àmọ́ ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ọ̀pá yẹn gan-an ló di obìnrin. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìdílé ìyá, ìhà ọ̀pá òwú ni wọ́n ń pè é. Inú mi dùn sí èyí ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó dé sílé mi gùn tó igi ìgbálẹ̀, orí rẹ̀ wú bí àlùbọ́sà, wọ́n sì so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn. Ìyá Ìjọ rí i lọ́wọ́ mi.

"Ṣé bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ ni?"

"Àmì ìjẹ́-obìnrin ni, Mummy."

"Ti èwo nínú wa?"

Èmi náà ni mo kọ ìkéde tí a fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án, torí pé ohun tí mo fi ń yangàn ni pé kò sí ẹni tó ń fi àmì ohùn sórí Yorùbá ní gbogbo agbègbè Gwinnett wa àfi èmi. Ó ṣẹlẹ̀ pé fóònù mi mọ ìrànwọ́, kò mọ ìrànwú. Bí mo bá tẹ ìrànwú, ó máa ń tún un ṣe fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, bí èmi náà ṣe máa ń tún tàwọn èèyàn ṣe fún wọn. Ohun tó jáde ni pé: *Ìrànwọ́ fún Ìyá àti Ọmọbìnrin. Gbogbo obìnrin ni a pè. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání.* Mo kà á kí n tó fi ránṣẹ́. Àwọn àmì náà ni mo kà. Wọ́n pé pérépéré.

Ilé ìjọsìn wa wà láàárín ẹni tó ń ta táyà àti ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé náà, kí n tó dé, kò sí àyè níwájú ilé mọ́ láti gbé mọ́tò sí. Mo ní bóyá ìnáwó kan ni ẹni tó ń ta táyà ń ṣe. Nígbà tí mo wọlé, àga ò tó. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí mi ò rí rí wà níbẹ̀, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́. Àwọn kan wọ aṣọ iṣẹ́, ó hàn pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ya wá. Inú mi kún fún ayọ̀. Mo fa Ìyá Ìjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mummy, ẹ wo èrò. Òùngbẹ àṣà ń gbẹ àwọn èèyàn wa."

Wọ́n wo èrò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Ìrẹsì yẹn ò ní tó o," ni wọ́n wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti oko òwú. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yí irin lórí òkúta kí kóró lè fò jáde, bí wọ́n ṣe ń fi okùn ọrun kékeré kan ta òwú náà títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí èéfín. Mo gbé ọ̀pá òwú sókè, ríbọ́ọ̀nù ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo ní ní ayé àtijọ́, bí ọmọbìnrin bá ti lè ran òwú, wọ́n á ní ó ti ń dàgbà. Mo ní ìyá arúgbó tí kò lè lọ sóko mọ́, òwú ló kù fún un, á máa ran án títí ọwọ́ á fi kọ̀. Mo ní ọ̀já tí wọ́n fi gbé wa pọ̀n àti aṣọ tí wọ́n fi sin àwọn bàbá wa, ìka obìnrin ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní wọ́n fún ọkùnrin ní idà, wọ́n fún obìnrin ní ọ̀pá òwú, ẹ sì wo èyí tí gbogbo wa wọ̀ jáde láàárọ̀ yìí nínú méjèèjì. Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù dákẹ́, wọ́n tẹjú mọ́ mi, mo sì ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí ebi ìmọ̀.

Obìnrin tí mo sọ fún yín ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Ìlà kejì ló wà, ọmọ rẹ̀ jókòó sí i lẹ́sẹ̀, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká bí ẹni tí kò fẹ́ pẹ́.

"Ẹ káàsán, ma. Ẹ jọ̀ọ́, ma, ìrànwọ́ yẹn, ta la máa bá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀?"

"Ìrànwú," ni mo wí.

"Ẹ̀n, ma. Ìrànwọ́ náà."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo wo gbogbo ilé. "Ẹ ṣu ẹnu yín pọ̀, bí ẹni fẹ́ fẹ́ná. Wú."

"Wọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin tó kù, ẹ bá wa ràn án lọ́wọ́. Ìràn..."

"Wú!" ni gbogbo ilé dáhùn.

"Mi ò gbọ́. Ìràn..."

"Wú!"

Ọmọ rẹ̀ pariwo ju gbogbo wa lọ, ó sì fa tirẹ̀ gùn, wúúúú, bíi ti ajá. Ẹ̀rín bú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, ó di ọmọ mú, ó jókòó. Mo rí i pé ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí mo ṣì ń fi ẹ̀rín yẹn gbèjà ara mi.

Ní ẹ̀yìn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kùn pé, "Ṣebí wọ́n ní àwọn máa ṣe nǹkan fún èèyàn?"

Ẹnìkejì rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ìwàásù wọn ná."

Mo rò pé ìrẹsì ni wọ́n ń sọ.

Ó wá kan kí n fi ìrànwú ìyá ìyá mi, tí mo ti yọ kúrò nínú férémù rẹ̀ wá, ran òwú fún wọn kí wọ́n rí i. Kí n sọ òtítọ́, mi ò mọ̀ ọ́n ran. Fídíò ni mo wò. Òwú tí mo wé mọ́ ọ̀pá náà, ilé oògùn ni mo ti rà á, irú èyí tí wọ́n fi ń nu ojú egbò. Mo fà á, ó já. Mo tún fà á, ó tún já. Mo ní òwú Amẹ́ríkà ni, kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa sí ìyẹn, ara mi sì yá, ni mo bá ní kí àwọn ọmọdé wá, kí wọ́n wá fọwọ́ kan ohun tí ìyá ìyá mi fi ọwọ́ kàn.

Ọmọbìnrin kékeré yẹn ló kọ́kọ́ dé. Ó gba ìrànwú lọ́wọ́ mi, ó yí i wò, ó fi ẹnu ìrànwú náà kanlẹ̀, ó sì fi ìka méjì ta á bí òkòtó. Ó yí. Mo ti ń wò ó lára ògiri láti ọjọ́ yìí wá, mi ò rí i kó yí rí. Ó ń kọrin wìn-wìn lórí táìlì, gbogbo àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó sáré lọ gbá ẹsẹ̀ àga, amọ̀ rẹ̀ sì là.

"Yé! Ìrànwú ìyá ìyá mi!"

Èmi ni mo ké bẹ́ẹ̀. Ohùn náà ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ọmọ náà fọwọ́ bo etí. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ ti dé, ó ti kúnlẹ̀, ó ń ṣa amọ̀ nílẹ̀.

"Ẹ má bínú, ma. Ẹ dákun, ọmọdé ni. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo wá ṣe níbí. Mọ́ńdè ni iṣẹ́ mi, ma, mi ò rí ẹni tó máa bá mi mójú tó o. Mo ní kí n wá wò ó bóyá ẹ máa lè bá mi wá ẹnì kan. Ìrànwọ́ lẹ kọ, ma."

"Ìrànwú ni mo kọ," ni mo wí.

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi láti orí ìkúnlẹ̀. Mo kà á. Kí ojú ó tó tì mí, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé àwọn àmì náà dára.

Àwọn tó wà nílé gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà ń ti ìlà kan bọ́ sí ìlà kejì.

"Ṣé kò sí ìrànwọ́ ni?"

"Òwú! Òwú ni wọ́n ń sọ látẹ̀ẹ̀kan!"

"Mo gba off nítorí òwú?"

"Èmi rò pé àkàwé ni."

Ìyá Ìjọ dìde, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ọlọ́run kì í ṣàṣìṣe. Ìrànwú yìí náà, bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìrànwọ́ ni."

"Mummy," ni obìnrin aláṣọ iṣẹ́ kan pè láti ẹ̀yìn, "ẹ bá wa gbé ìrànwú náà lé ìyá yìí lọ́wọ́, kó lọ bá a ṣọ́ ọmọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn kan dìde, wọ́n gbé ọmọ wọn pọ̀n. Àwọn kan dúró de ìrẹsì, kò sì burú. Mo ti kọ ọ̀pọ̀ àwàdà nípa àwọn ẹlòmíràn tí ojú tì ní gbangba, pásítọ̀ tí gbohùngbohùn jẹ́ kí gbogbo ìjọ gbọ́ àṣírí rẹ̀, alága ayẹyẹ tó ṣi ìyàwó gbé sórí àga. Mo máa ń kọ ọ́ pé ó wù wọ́n kí ilẹ̀ lanu gbé wọn mì. Mi ò mọ̀ pé etí ló máa ń kọ́kọ́ gbóná, àti pé ojú á máa wá nǹkan kékeré kan láti wò. Ríbọ́ọ̀nù ni mo wò.

Obìnrin náà kó amọ̀ náà sínú tíṣù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó fa ọmọ rẹ̀ jáde. Mo tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbé wọn wá ò tíì padà dé, wọ́n dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù táyà nínú oòrùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

"Ma, mo máa bá yín wá gúlúù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́."

"Ẹ fi ti amọ̀ sílẹ̀. Mọ́ńdè ńkọ́?"

"Ọlọ́run á ṣe é, ma."

"Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi. Ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Duluth ò jìnnà."

Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wò mí. Ó tún wo ọmọ rẹ̀. "Ẹ ṣé, ma. Àmọ́ ẹ ò mọ̀ wá."

Mo gbọ́ èyí tí kò sọ, pé òun ò mọ̀ mí, àti pé ìwọ̀nba tí òun ti mọ̀ lọ́sàn-án yẹn kò wu òun.

"Ẹ lè béèrè nípa mi lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ."

"Ẹ̀n, ma." Ó gba nọ́ńbà mi, ó dúpẹ́, ó sì fa ọmọ náà bọ́ sí apá kejì, èyí tó jìnnà sí mi.

Kò wá sí ìsìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Fóònù wà lọ́wọ́ mi jálẹ̀ ìwàásù. Mo gbàdúrà pé kó ti rí ẹlòmíràn tó sàn jù mí lọ. Mo sì tún gbàdúrà pé kó má rí i, kó lè pè mí. Èmi fúnra mi mọ èyí tí mo fi ọkàn gbà nínú méjèèjì. Ìdáríjì ni mò ń wá, mo sì ṣe tán kí gbogbo Atlanta tilẹ̀kùn mọ́ ọn kí n lè rí i gbà.

Ìrọ̀lẹ́ ló pè. "Ẹ jọ̀ọ́, ma, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Mo ti bi gbogbo èèyàn, ma." Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ó kàn fẹ́ kó yé mi ni.

Ìdájí Mọ́ńdè, mọ́tò ẹni tí wọ́n á jọ máa ṣiṣẹ́ gbé wọn dé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó wọlé, ó ní àwọn á pẹ́ débi iṣẹ́. Ó sọ ohun tí ọmọ náà ń jẹ àti èyí tí kì í jẹ, ó sọ pé ìgbà gbogbo ló máa ń gbàgbé láti sọ pé òun fẹ́ tọ̀. Ó fún mi ní báàgì kékeré kan. Ó yí padà, ó tún bojú wẹ̀yìn.

"Ma, ẹ má bínú. Tó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo fẹ́ sọ nǹkan mìíràn sí i. Ó ti wà nínú mọ́tò.

Mo ṣiṣẹ́ ní orí tábìlì ìjẹun kí n lè máa rí ọmọ náà. Ó to bàtà mi jọ ní ìlà gígùn, ó sọ wọ́n di bọ́ọ̀sì. Ó bá àwọn èrò ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ ní Yorùbá tí kò ní òkè, tí kò ní ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí mo bá ti kọ lẹ́tà kan tán lórí kọ̀ǹpútà, mo máa dìde lọ bá a nu imú. Bí mo bá padà, mo máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo fi í sí. Ìgbà tó pè mí láti wá wọ bọ́ọ̀sì ni mo rántí ohun kan tí mo yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé. Mo ti kà á nígbà tí mò ń múra: wọ́n ní ohun tó jẹ́ kí òwú ríran di iṣẹ́ obìnrin ni pé ó ṣeé dá dúró. Bí ọmọ bá ń rákò lọ sídìí iná, ìyá á gbé ìrànwú sílẹ̀, á lọ gbé ọmọ, á padà wá bá òwú rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Ọ̀pá òwú ní tirẹ̀, abẹ́ apá ni wọ́n ń há a mọ́, kí ọwọ́ kan lè wà lófo. Mo yọ ọ́ torí pé kò lẹ́wà tó. Idà àti ọ̀pá ló dùn létí. Ní College Park, ẹrù tó ń bọ̀ lórí bẹ́líìtì kì í dúró de ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń rákò, òun gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn fẹ́ bá wa sọ nígbà tí mo ní kó ṣu ẹnu pọ̀.

Mi ò sọ púpọ̀ fún ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì sọ púpọ̀ ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Gbogbo gbólóhùn tó bá wá sí mi lẹ́nu, bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò, mo máa rí i pé àwàdà ló wà nínú rẹ̀, àti pé ẹnì kan ni àwàdà náà dúró lé lórí. Ọmọ náà nìkan ló wà nílé. Mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo máa ń ní, "Jẹun."

Lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ máa ń wá mú un. Kì í wọlé. Á dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á fa ọmọ lọ́wọ́. Ooru mú lọ́jọ́ kan báyìí, mo sì ṣí fèrèsé iwájú sílẹ̀. Mọ́tò náà dúró lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń de bẹ́líìtì mọ́ ọmọ rẹ̀ lára.

"Kí lo jẹ?"

"Indomie. And egg."

"Ṣé o ò da aunty láàmú?"

"No, Mummy."

"Ṣé wọ́n bú ẹ?"

"No."

Mo gbọ́ tí bẹ́líìtì ró gbà. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè ibi tó ń dun ọmọ.

"Ṣé wọ́n fi ẹ́ rẹ́rìn-ín?"

Ọmọ náà rò ó. "Aunty kì í sọ̀rọ̀," ló wí. "Wọ́n kàn máa ń wò mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́tò.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó tún mú un wá. Mo ní kó wọlé. Ó ní àwọn á pẹ́.